Títóbi Platelet Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ohun Tó Lè Sọ nípa Ara Tó Ń Gbiná

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ mi, nítorí náà àwọn ará àti ọ̀rẹ́ máa ń fi èsì àyẹ̀wò wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n bá àwọn wò ó. FBC, àyẹ̀wò tó ń ka àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, ló máa ń pọ̀ jù nínú wọn. Tẹ́lẹ̀, PCV àti iye sẹ́ẹ̀lì funfun ni wọ́n máa ń béèrè. Ní báyìí, ìlà kan tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́ka sí, ìlà tí ẹ̀rọ kọ MPV sí, ìyẹn ìwọ̀n títóbi platelet, tí lẹ́tà H (ó ga) tàbí L (ó wálẹ̀) sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan, tí èmi náà ń pè ní Màmá, kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí pé: "Ọmọ mi, ẹnì kan tó ń ta oògùn ní àdúgbò wa wo èsì mi, ó ní H yìí fi hàn pé gbogbo inú mi ló ti ń gbiná, pé kí n wá ra ìgò oògùn mẹ́ta. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Mo dá wọn lóhùn pé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ná owó yín. Aago mélòó ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yín, aago mélòó ni ẹ̀jẹ̀ náà sì dé ibi tí ẹ̀rọ wà?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín. MPV ní ìtumọ̀, ó sì ní í ṣe ní tòótọ́ pẹ̀lú ìgbiná inú ara, ìyẹn ohun tí àwọn dókítà ń pè ní inflammation, bí ara ṣe ń dìde jà nígbà tí àrùn tàbí ọgbẹ́ bá kàn án, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí a kò mọ wákàtí tí a fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí a kò sì kà pọ̀ mọ́ iye platelet àti àìsàn tó wà nílẹ̀, kò tó ohun tí ènìyàn lè gbé ìdájọ́ kà.

Platelet ló kéré jù nínú àwọn ohun mẹ́ta tó ń bá omi ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, fífẹ̀ platelet kò ju ìdá 2 sí 3 lọ nínú rẹ̀, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa fẹ̀ tó ìdá 7 tàbí 8. Giulio Bizzozero, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Turin, ló ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní nǹkan bí ọdún 1882, tó sì fi hàn pé òun ló ń kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti ya. Ní ọdún 1906, James Homer Wright ní Boston fi hàn pé ara sẹ́ẹ̀lì ràgàjì kan tó wà nínú mùdùnmúdùn eegun ni platelet ti ń jáde wá. Megakaryocyte ni orúkọ sẹ́ẹ̀lì náà. Ó máa ń na apá tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, apá náà á sì já sí wẹ́wẹ́; àwọn wẹ́wẹ́ yẹn ni platelet, wọn kì í sì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 lọ kí wọ́n tó kú. MPV ni ìpíndọ́gba títóbi gbogbo èyí tí ẹ̀rọ bá kà. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ le wà láàárín 7 sí 12 fL (femtolítà, ìwọ̀n tí a fi ń wọn ohun tó kéré gan-an), àmọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní ààlà tirẹ̀.

Títóbi yìí kì í ṣe ọ̀ràn ìrísí lásán. Àwọn àpò kéékèèké tí ó kún fún èròjà tó ń pe platelet mìíràn wá, tó sì ń ru sẹ́ẹ̀lì funfun sókè, máa ń pọ̀ nínú platelet tó tóbi ju ti èyí tó kéré lọ. Platelet tó tóbi tún máa ń ṣe èròjà kan tí ń jẹ́ thromboxane A2 jù, èyí tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, kí àwọn platelet sì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Thromboxane yìí gan-an ni àspírìn tí àwọn dókítà ń fún àwọn tí àrùn ọkàn ń yọ lẹ́nu ń dí lọ́wọ́. Ní kúkúrú, platelet ńlá máa ń tètè dìde sí ìjà.

Nígbà tí ara bá ń bá kòkòrò àrùn jà, tàbí tí àwọn ohun tó yẹ kó dáàbò bo ara bá kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní interleukin-6 sínú ẹ̀jẹ̀. Interleukin-6 yìí á mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe thrombopoietin sí i, thrombopoietin ni yóò sì mú kí mùdùnmúdùn eegun tú platelet jáde ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí iye platelet fi máa ń ga lára ẹni tí rheumatoid arthritis, irú làkúrègbé tí ara ẹni fúnra rẹ̀ ń fà, ń bá jà gidigidi. Ènìyàn á rò pé bí iye bá ti ga, títóbi náà yóò ga pẹ̀lú. Òdìkejì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìgbiná bá le. Àwọn platelet ńlá ló ń kọ́kọ́ sáré lọ síbi tí ìjà wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń parí sí, àwọn kéékèèké ló sì ń ṣẹ́ kù tí ń ṣàn kiri dé inú ìgò àyẹ̀wò. MPV á wálẹ̀.

Ní ọdún 2001, àwọn oníwádìí ní erékùṣù Crete, ní ilẹ̀ Gíríìsì, tẹ̀ ẹ́ jáde pé MPV àwọn tó ní ulcerative colitis àti àrùn Crohn, àwọn àrùn ìfun méjì tó máa ń gbiná fún ọ̀pọ̀ ọdún, máa ń wálẹ̀ nígbà tí àrùn náà bá ń jà. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ lára àwọn alárùn rheumatoid arthritis pẹ̀lú: MPV tó wálẹ̀ nígbà tí oríkèé ń wú máa ń gòkè padà bí oògùn bá ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìwádìí mìíràn wà tí èsì wọn ta ko èyí, mi ò sì fẹ́ fi í pamọ́.

Ìgbiná tí kò le, àmọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀, ọ̀nà mìíràn ló máa ń gbà. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀, tàbí ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti ń dí, mùdùnmúdùn eegun máa ń tú àwọn platelet tó tóbi díẹ̀ sí i jáde, kò sì sí ojú ìjà ńlá kan tí yóò lò wọ́n tán, nítorí náà MPV á ga. Ní ọdún 1991, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọkùnrin tí ìkọlù ọkàn ti ṣe rí ní ilẹ̀ Wales. Platelet àwọn tí ìkọlù ọkàn tún ṣe lẹ́yìn náà, tàbí tí wọ́n kú, tóbi ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tí àkóràn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn náà wà níbẹ̀: bí MPV bá ń gòkè lójoojúmọ́ nígbà tí iye platelet ń wálẹ̀, àmì tí kò dára ni àwọn dókítà máa ń kà á sí.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ṣe fún ẹni tó ń fi H nìkan dẹ́rù ba aláìsàn. Ìgbiná tó le jù lọ lè hàn gẹ́gẹ́ bí L, èyí tó rọra ń jó lábẹ́lẹ̀ sì lè hàn gẹ́gẹ́ bí H. Bí ohun tí a bá fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ bóyá ara ń gbiná, CRP, èròjà kan tí a ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, ṣì dára ju MPV lọ jìnnà. Ọdún 1930 ni William Tillett àti Thomas Francis rí i ní New York nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń bá jà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láàárín wákàtí díẹ̀ tí ìgbiná bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ń gbà, òkè. ESR, àyẹ̀wò bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe ń yára rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, náà wúlò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìtó ẹ̀jẹ̀ lásán lè gbé e ga.

Ìgò tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ sí ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ìwé tí ń yin MPV kì í mẹ́nu bà. Ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò ni a ń lò fún FBC. EDTA tó wà nínú rẹ̀ ń gba calcium inú ẹ̀jẹ̀ mú kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Àmọ́ ó ń yí platelet padà. Platelet tó pẹlẹbẹ nígbà tó wà nínú ara á di róbótó, á sì máa wú bí gààrí tí a da omi sí, wíwú náà sì máa ń yá jù láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́. Mo ti gbé ìgò kan náà sínú ẹ̀rọ kan náà ní kété tí a fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo sì tún gbé e padà nígbà tí ọ̀sán pọ́n. MPV tó wà láàárín ààlà ní òwúrọ̀ gba H ní ọ̀sán. Ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílé rẹ̀, kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Màmá rí. Ní òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn ní ibi ìgbẹ̀jẹ̀ kékeré kan, ẹ̀jẹ̀ náà dúró de ọlọ́kadà tó ń kó ìgò jọ láti ibi púpọ̀, kò sì dé iwájú ẹ̀rọ títí tí ọ̀sán fi ń lọ sí ìrọ̀lẹ́. Iye platelet wọn dára, sẹ́ẹ̀lì funfun wọn dára, CRP tí dókítà wọn kọ fún wọn lẹ́yìn náà kò ga. Wọn kò ra ìgò oògùn kankan.

Ẹ̀rọ pẹ̀lú ní ẹjọ́ tirẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ní àwọn yàrá àyẹ̀wò wa ń lo ọgbọ́n tí Wallace Coulter gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1953: sẹ́ẹ̀lì á gba ihò tóóró kan kọjá, á dí iná mànàmáná lọ́wọ́ díẹ̀, bó bá sì ṣe dí i tó ni ẹ̀rọ fi ń mọ bó ṣe tóbi tó. Àwọn mìíràn ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn platelet, nọ́ńbà wọn kì í sì í bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí MPV, ìyàtọ̀ tó wà láàárín aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le kò tó 1 fL. Wíwú inú ìgò nìkan lè bo irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí kó dá a sílẹ̀ níbi tí kò ti sí. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá ka ìwádìí tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn, tí wọn kò sì kọ wákàtí kankan sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, fòní-kú-fọ̀la-dìde tún fi kún ìṣòro yìí. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì tí àwọn dókítà ń pè ní spleen. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo platelet ni ó máa ń fi pamọ́ sínú. Láti ìgbà ọmọdé ni spleen ọ̀pọ̀ àwọn tó ní SS ti máa ń gbẹ, nítorí náà platelet tó yẹ kó wà nípamọ́ á jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ara wọn sì ń gbiná díẹ̀díẹ̀ kódà ní ọjọ́ tí egungun kò ro wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni ti ẹ̀rọ: ẹ̀fọ́kù sẹ́ẹ̀lì pupa tó kéré tó platelet á gba ihò yẹn kọjá, ẹ̀rọ á sì kà á mọ́ platelet, nígbà tí platelet tó bá tóbi jù á di sẹ́ẹ̀lì pupa lójú ẹ̀rọ. Bí mo bá rí MPV tó ṣe mí ní kàyéfì lára ẹni tó ní SS, mo máa ń fa ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì, mo máa ń fi aró Leishman kùn ún, mo sì máa ń wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Platelet tòótọ́ á dá wà gẹ́gẹ́ bí ohun kékeré aláwọ̀ elésè àlùkò tó ní àmì tótòtó wẹ́wẹ́ nínú. Ẹ̀fọ́kù sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú. Ojú ènìyàn ló lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ níbẹ̀.

Ibà náà wà níbẹ̀. Iye platelet máa ń já wálẹ̀ nígbà tí ibà bá mú ènìyàn, MPV á sì máa gòkè, nítorí pé mùdùnmúdùn eegun ń tú èyí tuntun jáde láti dípò àwọn tó ń lọ, tuntun sì máa ń tóbi. Bí oògùn ibà bá ti ṣiṣẹ́, méjèèjì á padà sí ipò wọn.

Láti inú ti ibà yìí ni a ti lè rí ibi tí MPV ti wúlò jù lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń pariwo rẹ̀ kì í sábà sọ ọ́. Bí platelet ènìyàn bá kéré níye, tí dókítà sì fẹ́ mọ̀ bóyá ara ló ń pa wọ́n tàbí mùdùnmúdùn eegun ni kò ṣe wọ́n jáde mọ́, títóbi wọn lè tọ́ka sí ọ̀nà kan: bí wọ́n bá tóbi, ó ṣeé ṣe kí mùdùnmúdùn eegun ṣì ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, bí wọ́n bá kéré, ó yẹ kí á tètè wo mùdùnmúdùn eegun fúnra rẹ̀. Ohun tí a lè lò láàárọ̀ yìí fún aláìsàn tó jókòó níwájú ẹni nìyẹn.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fún ni kí wákàtí tí a fa ẹ̀jẹ̀ àti wákàtí tí ẹ̀rọ kà á máa wà lórí ìwé èsì, kí a má sì tẹ MPV jáde rárá bí àkókò tó wà láàárín wọn bá ti kọjá wákàtí méjì, àfi bí yàrá àyẹ̀wò náà bá ti dán ìyípadà rẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sì rí H tàbí L níwájú MPV, tí iye platelet rẹ̀ wà láàárín ààlà, tí kò sì sí ohun tó ń ṣe é, kó mú ìwé náà lọ bá dókítà rẹ̀ ní ọjọ́ tó bá tún ní ìdí láti lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe, ibi tí ẹ̀rọ wà gan-an ni kó ti fa ẹ̀jẹ̀ náà.