Irun ààbọ̀ rílásà: bí mo ṣe ń nà án tí kì í já

Ẹ̀yin tí ìdí irun yín ti hù padà tó sì ká jọ bí Ọlọ́run ṣe dá a, àmọ́ tí ṣóńṣó rẹ̀ ṣì nà gbọọrọ torí rílásà ọjọ́sí, ẹ sún mọ́bí, tiyín ni mo fẹ́ sọ. Irun méjì ló wà lórí wa o, wọ́n kàn so pọ̀ ni. Èyí tó wà nídìí le, ó fẹ́ iná dáadáa kó tó gbọ́ràn. Èyí tó wà ní ṣóńṣó ti nà tipẹ́, kò wá iná kankan, òun náà ló dẹ̀ máa kọ́kọ́ jóná. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á gbé iná áyọ́ọ̀nù irun sókè dé ibi tí ìdí fẹ́, wọ́n á wá fà á látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, ìdí á nà lóòótọ́, ṣóńṣó á máa rú èéfín. Èmi o, èyí tó rọ jù nínú méjèèjì ni mo máa ń wojú rẹ̀. Tí ìdí ò bá nà tán, kó má nà tán.

Ẹ mú ẹyọ irun kan, kẹ́ ẹ fi ìka méjì rọra fà á wálẹ̀ láti awọ orí. Ọwọ́ yín máa mọ ibi tó ti yí padà: òkè á rí gbágungbàgun, á máa di ìka mú, tó bá dé ibì kan á kàn dán, á tín-ínrín, ìka á sì yọ̀ lọ. Ibẹ̀ yẹn gan-an ló ti máa ń já. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irun tó wà lára òòyà yín já ni àbí ó kàn re, ẹ wo ìdí rẹ̀. Èyí tó re fúnra rẹ̀ máa ní nǹkan funfun kékeré kan lórí, ìyẹn ò léwu, ojoojúmọ́ ni irun ń re. Èyí tó kúrú tí kò ní nǹkan funfun yẹn, ó já ni.

Ìdí tí mi ò fi ń fi iná jẹ irun mi níyà ni pé iṣẹ́ rílásà àti iṣẹ́ iná ò rí bákan náà rárá. Rílásà, yálà èyí tó ní sodium hydroxide nínú tàbí èyí tí wọ́n ń po calcium hydroxide mọ́ guanidine carbonate, pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí álíkálì inú rẹ̀ ṣe le tó, máa ń tó 12 sókè, ó ń já ohun tó so irun pọ̀ nínú lọ́hùn-ún, kò dẹ̀ sí omi tàbí òróró tó lè dá a padà. Ti iná, ìwọ̀nba ohun tí omi náà lè tú ló ń tú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí òógùn kàn án báyìí ó ti ká jọ padà. Kí ló wá dé tí mo máa ba irun tó pẹ́ lórí mi jẹ́ torí nǹkan tí ò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì?

Nínà gan-an, kí iná tó dé ni mo ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, kòǹdíṣọ́nà á ṣì wà lára rẹ̀ tí mo máa fi òòyà eléyín gbàràgàdà yà á, láti ṣóńṣó lọ sókè, kì í ṣe láti òkè wá. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń lo èyí tó ní púrótéènì, tó bá pọ̀ jù irun á gan. Àwọn tó lo rílásà oní-calcium, ẹ wá ṣámpù tó ń fọ calcium kúrò, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ irun, á wá gbẹ bí igi. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa pín in, mo á ká a mọ́ róláà ńlá, tàbí kí n fi òwú kó o títí á fi gbẹ. Tí mo bá tú u, ìdí ti nà dé àyè kan láìrí iná.

Kó gbẹ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù lé irun tó tutù, kódà kó jẹ́ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "ṣíí" tí ooru ń jáde, omi inú irun ló ń hó yẹn, ó dẹ̀ ń lu ihò sínú irun ni, kò sí kòǹdíṣọ́nà tó lè dí i. Nǹkan tí wọ́n ń fi gba irun lọ́wọ́ iná, èyí tó ní sílíkóònù nínú, ẹ fún un káàkiri kó tó kan iná, òróró tó ki ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Iná tèmi kì í kọjá 170°C. Áyọ́ọ̀nù tó jẹ́ pé iná pupa nìkan ló ń tàn lára rẹ̀ tí ò ní nọ́ńbà, mi ò jẹ́ kó kan orí mi. Mo máa mú irun díẹ̀, òòyà á ṣíwájú, áyọ́ọ̀nù á tẹ̀ lé e, mo á fà á láti ìdí títí dé ibi tó ti so pọ̀ yẹn, ìyẹn tó bá kọjá ibẹ̀ mo kàn máa jẹ́ kó yọ̀ kọjá kíá ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn kan wà tí tiwọn kì í ṣe ìdí tó hù, wọ́n tètè fọ rílásà kúrò ni kó má bàa nà tán. Irun yẹn dára gan-an lójú mi, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ tún fi òmíì lé e lórí kó lè "parí." Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nìkan ni rílásà ń kàn, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, kẹ́ ẹ fi fasilíìnì bo ti tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ má sì ha orí ṣáájú. Jẹ́rí kọ́ọ̀lù, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ká irun yẹn, lórí irun rílásà ńkọ́? Áà, ẹ má dán an wò, ọwọ́ yín ni irun máa wà. Kẹratíìnì tí wọ́n ń fi iná tẹ̀ mọ́ irun náà, ẹ ka ara páálí rẹ̀ dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí formaldehyde tàbí methylene glycol, ẹ gbé e sílẹ̀, èéfín tó ń yọ jáde nígbà tí iná bá kàn án lè fa jẹjẹrẹ.

Tó bá ti nà tán, mo ń we sàtíìnì sùn, mo dẹ̀ ń fi òróró díẹ̀ kan ṣóńṣó. Tí ìdí bá ká padà mo máa dì í sẹ́yìn ni, mi ò ní gbé iná mọ́ títí mo máa fi tún un fọ̀. Irun ń hù tó sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lóṣù, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gé ti ìsàlẹ̀ kúrò, àwọn tó láyà ti gé gbogbo tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, mo kí wọn o, èmi ò tíì láyà ẹ̀.