Jésù Olúwa, àti ẹni tí a ó gbọ́ràn sí lẹ́nu: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Ẹ̀pẹ́

Bí ẹ bá jẹ́ Kristẹni ní Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè kan wà tí ẹ kò lè sá fún. Ẹnìkan nínú ẹbí, tàbí ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiyín lọ́jà, yóò bi yín lọ́jọ́ kan pé: "Jésù yìí, níbo ló ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni Ọlọ́run?" Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ní ìlú wa, inú agboolé kan náà la sì jọ ń gbé. Ẹran Iléyá ń dé ilé wa, ìrẹsì Kérésìmesì ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Àlùfáà tí ìrun wákàtí márùn-ún kì í fò, ni ó bi mí ní tèmi. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó rí i pé mo ń kọ́ àwọn àgbà ní Bíbélì ní ìjọ wa, ó sì fẹ́ mọ ohun tí mo ń kọ́ wọn.

Láti ìgbà náà, èmi àti bàbá ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ má ṣe fi ariwo dáhùn. Ẹ ṣí Ìhìn Rere, kí ẹ jọ wo ohun tí Jésù ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹni náà rí i lára yín pé ẹni tí ẹ ń pè ní Olúwa ni ẹ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Èyí tí mo mẹ́nu bà kẹ́yìn yìí ló le jù, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ibi tí ẹnu ti kò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá gbà pé wúńdíá ni ó bí Ànábì Ísà, pé Mèsáyà ni, pé ó la ojú afọ́jú, ó sì jí òkú. Gbogbo rẹ̀ wà nínú Kùránì. Ohun tí kò gbà ni pé kí a pe ẹnikẹ́ni ní ọmọ Ọlọ́run, nítorí Súrà 112 sọ pé Ọlọ́run kò bímọ, a kò sì bí i. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá rò pé à ń sọ pé Ọlọ́run fẹ́ ìyàwó, ìyàwó wá bímọ fún un, àwa náà kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó wò mí títí. Bí ẹni pé kò sí ẹni tó ti sọ ọ́ fún un rí. Ohun tí a gbàgbọ́ ni pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà, pé Ọmọ wà pẹ̀lú Baba kí ohunkóhun tó wà, àti pé Ọmọ yìí ni ó di ènìyàn nínú Màríà.

Orí kejì Ìhìn Rere Máàkù ni mo máa ń ṣí fún ẹni tó bá bi mí. Ní Kapanáúmù, èrò pọ̀ débi pé àwọn mẹ́rin tó gbé arọ kan wá kò rọ́nà wọlé. Wọ́n gun orí òrùlé, wọ́n dá a lu, wọ́n sì sọ ọkùnrin náà kalẹ̀ síwájú Jésù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wò. Ṣùgbọ́n ohun tí Jésù kọ́kọ́ sọ ni pé a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Àwọn akọ̀wé tó jókòó níbẹ̀ sọ lọ́kàn wọn pé ọ̀rọ̀ òdì nìyí: ta ló lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini bí kò ṣe Ọlọ́run nìkan?

Ẹja yíyan ni mo ń tà ní ọjà Olúwo, àwìn sì pọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Bí oníbàárà bá jẹ mí lówó epìyà, èmi nìkan ni mo lè sọ fún un pé kó máa lọ, mo ti fi jì í. Bí ẹni tó ń kọjá lọ bá dúró, tó wí fún onígbèsè mi pé, "Mo ti fi owó yẹn jì ọ́," gbogbo ìsọ̀ ni yóò bi í pé owó ta ni ó ń fi ta ọrẹ. Ọlọ́run ni ọkùnrin arọ yẹn jẹ ní gbèsè, Jésù sì fagi lé gbèsè náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n jẹ ẹ́. Àwọn akọ̀wé kò ṣì í gbọ́ rárá, òun náà kò sì sọ fún wọn pé wọ́n ṣi òun gbọ́. Ó ní kí wọ́n lè mọ̀ pé Ọmọ ènìyàn ní àṣẹ ní ayé láti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini, ó wá ní kí arọ náà dìde, kó gbé ibùsùn rẹ̀. Ó dìde lójú gbogbo wọn.

Bàbá ní, "Ọlọ́run lè rán an pé kó sọ bẹ́ẹ̀." Èsì gidi nìyẹn, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Wòlíì Nátánì náà sọ fún Dáfídì pé Olúwa ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Nátánì ṣe sọ ọ́: Olúwa ló ní ó ṣe é, òun kàn jíṣẹ́ ni. Àwọn wòlíì a máa wí pé, "Báyìí ni Olúwa wí." Jésù, lórí òkè, ka òfin tí Ọlọ́run fi fún àwọn bàbá wọn, ó sì ń sọ léraléra pé, "Ṣùgbọ́n èmi wí fún yín." Èmi kò mọ wòlíì kan tó sọ̀rọ̀ báyẹn.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀, ẹ ka ìdájọ́ rẹ̀ nínú Máàkù orí 14. Olórí àlùfáà bi í bóyá òun ni Kristi náà, Ọmọ Olùbùkún. Ó ní, "Èmi ni," ó sì fi kún un pé wọn yóò rí Ọmọ ènìyàn tó jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún agbára, tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọsánmà ọ̀run. Ìran Dáníẹ́lì orí 7 ni ó ń tọ́ka sí, níbi tí a ti fún ẹnìkan tó dà bí ọmọ ènìyàn ní ìjọba tí kò ní parun, tí gbogbo orílẹ̀-èdè yóò sì máa sìn ín. Olórí àlùfáà fa aṣọ rẹ̀ ya. Kò sí ẹni tó ń fa aṣọ ya nítorí pé ẹnìkan ní olùkọ́ rere lòun.

Àwọn apẹja ni mo fẹ́ràn láti ka ìtàn ìjì inú Máàkù orí 4 fún. Ẹni tí ìjì ti ká mọ́ orí ọ̀sà lóru rí, tí omi ń rọ́ wọ ọkọ̀, kò nílò àlàyé gígùn. Apẹja wà nínú àwọn tó wà pẹ̀lú Jésù lọ́jọ́ náà, wọ́n mọ omi, síbẹ̀ wọ́n rò pé ó ti parí. Ó jí lójú oorun, ó bá afẹ́fẹ́ wí, ó ní kí òkun dákẹ́. Kò gbàdúrà sí ẹnikẹ́ni kí omi tó rọlẹ̀, ó pàṣẹ ni. Sáàmù 107 sì ti sọ tipẹ́tipẹ́ ẹni tó ń mú ìjì dákẹ́ nígbà tí àwọn atukọ̀ bá ké nínú ìpọ́njú: Olúwa ni. Abájọ tí ẹ̀rù fi bà wọ́n gidigidi lẹ́yìn tí omi ti dákẹ́, tí wọ́n ń bi ara wọn pé ta ni èyí, tí afẹ́fẹ́ àti òkun ń gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra níbi ọ̀rọ̀ ìforíbalẹ̀ o. Ọmọ Yorùbá ni wá. A ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba, a ń kúnlẹ̀ fún àgbà, kò sì sí ẹni tó ní a sọ wọ́n di Ọlọ́run. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹnìkan kúnlẹ̀ níwájú Jésù ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀rí. Ẹ wo ibi tó ti ju ìkíni lọ. Kọ̀nélíù wólẹ̀ fún Pétérù, Pétérù gbé e dìde, ó ní ènìyàn ni òun náà. Ní Lísírà, wọ́n fẹ́ rúbọ sí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà, àwọn méjèèjì fa aṣọ wọn ya, wọ́n sáré wọ àárín èrò láti dá wọn dúró. Nínú Ìfihàn, áńgẹ́lì tí Jòhánù wólẹ̀ fún ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ni kó foríbalẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tọ́másì rí ọwọ́ tí wọ́n kàn níṣòó, tó sì sọ fún Jésù pé, "Olúwa mi àti Ọlọ́run mi," Jésù kò dá a lẹ́kun. Ó gbà á. Ó tún súre fún àwọn tí kò ní rí tí wọn yóò sì gbàgbọ́. Bí kì í bá ṣe Ọlọ́run, a jẹ́ pé Pétérù bẹ̀rù Ọlọ́run jù ú lọ nìyẹn, èmi kò sì mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fara mọ́ ìyẹn.

Ẹ má fi àwọn ẹsẹ tó le pamọ́. Jésù sọ pé Baba tóbi ju òun lọ. Ó sọ pé òun kò mọ ọjọ́ náà àti wákàtí náà. Ó gbàdúrà ní Gẹtisémánì títí òógùn fi bò ó. Bàbá mọ̀ wọ́n, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tó ń kan ilẹ̀kùn wa sì mọ̀ wọ́n dáadáa. Fílípì orí kejì ni mo máa ń lọ. Ẹni tó wà ní àwòrán Ọlọ́run bọ́ ògo sílẹ̀, ó mú àwòrán ìránṣẹ́, ó sì gbọ́ràn títí dé ikú àgbélébùú. Ènìyàn tòótọ́ ló dà, kì í ṣe ẹni tó ń díbọ́n. Ẹni tó ń sùn lórí ìrọ̀rí nínú ọkọ̀ ni ẹni tó pàṣẹ fún òkun. Níbẹ̀ náà ni Pọ́ọ̀lù, ọmọ Júù tó mọ òfin, ti mú ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run fi ara rẹ̀ búra nínú Àìsáyà orí 45, pé gbogbo eékún ni yóò kúnlẹ̀ fún òun, tó sì fi í sórí Jésù. Bàbá ní ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó jinlẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tún ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri lórí fóònù, pé ní ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Níséà ni ọba Róòmù ti sọ Jésù di Ọlọ́run ní ọdún 325. Kò rí bẹ́ẹ̀. Áríúsì, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdríà, ló ń kọ́ni pé ìgbà kan wà tí Ọmọ kò sí, ìyẹn ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ lé lórí, méjì péré nínú wọn ni kò fọwọ́ sí ìwé ìgbàgbọ́ tí wọ́n fi ta ko ẹ̀kọ́ rẹ̀ níkẹyìn. Ní nǹkan bí ọdún 112, ju igba ọdún lọ ṣáájú ìpàdé yẹn, Plíníì, gómìnà Róòmù tí kì í ṣe Kristẹni, ti kọ̀wé sí ọba Trajan pé àwọn Kristẹni máa ń péjọ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n a máa kọrin sí Kristi bí ẹni ń kọrin sí ọlọ́run.

Bàbá kò di Kristẹni. A ṣì ń bára wa sọ̀rọ̀, mo sì ń gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n ó bi mí ní ìbéèrè kan tó dùn mí wọ egungun, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ní, "Ọmọ mi, bí ẹ bá gbà pé gbogbo àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló dé tí àwọn ènìyàn yín ń wá gba tírà lọ́dọ̀ wa lóru?"

Gbogbo ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló mọ ìtàn Kòsọ́kọ́, Ọba Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó láti inú ọkọ̀ ogun wọn, wọ́n lé e kúrò lórí ìtẹ́, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Òun ni a fi ní Èkó Ẹ̀pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, tí a sì ń ṣe Káyọ̀káyọ̀, ọdún tí a fi ń rántí dídé rẹ̀, dòní. Ọba ńlá ni, ṣùgbọ́n ibi tí ìbọn ẹlòmíràn bá dé ni àṣẹ ọba ayé ń parí sí. Jésù náà, ọmọ ogun Róòmù pa á. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti lo gbogbo agbára wọn lórí rẹ̀ tán ni ó dúró lórí òkè ní Gálílì, tó ní gbogbo agbára ní ọ̀run àti ní ayé ni a fi fún òun. Ẹni tó gba èyí gbọ́, tó tún ń so nǹkan mọ́ abẹ́ ìsọ̀ kí ọjà lè tà, ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ kò bára mu. Ó yẹ kí a máa sọ fún ara wa, kí a sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, torí ẹ̀rù ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe àgídí.

Tírà nìkan kọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo orúkọ Jésù fúnra rẹ̀ ni àṣẹ rẹ̀ ti ń sọnù jù. Obìnrin kan tí a jọ ń tajà, wòlíì kan sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ló ń di ọ̀nà rẹ̀, pé kó má jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́, kó má sì fi owó ránṣẹ́ sí i. Ìyá arúgbó o, tí ojú rẹ̀ ń di. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè ta ko ẹni Ọlọ́run ni?" A jókòó sórí àpótí ẹja, a ka Máàkù orí 7. Níbẹ̀, Jésù bínú sí àwọn tó fi ẹ̀sìn bojú láti má tọ́jú bàbá àti ìyá wọn, ó ní wọ́n ń fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Mo bi í pé, nínú Jésù àti wòlíì yìí, ta ló ga jù? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Jésù ni." Mo ní kó lọ ra oúnjẹ fún ìyá rẹ̀ nígbà náà.

Àwọn olùṣọ́àgùntàn rere wà, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Àwọn tó dára jù nínú wọn ni kì í bínú tí ẹ bá bi wọ́n léèrè. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé Olúwa rán òun sí yín, ẹ ní kó fi ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bá ohun tí Jésù sọ mu hàn yín nínú Ìhìn Rere. Ẹ kà á fúnra yín, ẹ ka ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá ta kò ó, ẹ má ṣe é, ìbáà jẹ́ ẹni tó so yín pọ̀ níwájú pẹpẹ ló sọ ọ́, ìbáà jẹ́ èmi náà.