Kí ẹ tó gbà láti dán oògùn jẹjẹrẹ tuntun wò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára bọ̀ọ̀dá mi

Láti ìgbà tí bọ̀ọ̀dá mi ti jáde láyé, àwọn ènìyàn ṣì ń pè mí lórí fóònù, àwọn mìíràn sì ń wá bá mi nílé ní Èbúté Mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ wọn kì í yàtọ̀ síra: kẹ́mò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ò ṣiṣẹ́ mọ́, dókítà tàbí ọmọ tó wà lókè òkun ní oògùn tuntun kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò, ṣé kí àwọn lọ? Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì lè bá ẹnikẹ́ni pinnu. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó béèrè kí ẹ tó bu ọwọ́ lùwé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ mọ ìbéèrè tí ìdánwò náà ń wá ìdáhùn sí. Ìpele kìíní, tí àwọn dókítà ń pè ní phase 1, kò tíì dé orí bóyá oògùn náà ń wo jẹjẹrẹ sàn. Ohun tó ń wá ni ìwọ̀n oògùn náà tí ara ènìyàn lè gbà, àti irú wàhálà tó lè kó bá ara. Aláìsàn ní tirẹ̀ ń béèrè pé, "Ṣé màá yè?" Ìbéèrè méjèèjì lè pàdé lọ́nà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ti rí ìdílé tó ta ilẹ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni ò jókòó sọ èyí fún wọn.

Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni ti bọ̀ọ̀dá mi, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀ kí a tó mọ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà ní Lagos ni wọ́n ti gba kẹ́mò títí tí kò fi ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní London tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní ìwé ìlú náà, ìdí nìyẹn tí ọmọ wọn tó wà níbẹ̀ fi lè bá wọn wá àyè sínú ìdánwò kan. Nígbà tí ìdílé jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ ò wọ̀. Àbúrò màmá wa ní, "Ṣé ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ fi dánra wò?" Ẹlòmíràn rán wa létí Kano ní 1996, nígbà tí ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tí àrùn yírùnyírùn ń ṣe, tí ọ̀rọ̀ bóyá àwọn òbí mọ ohun tí wọ́n gbà sí fi di ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi tó bá rántí Kano. Ìrántí yẹn ló jẹ́ kí a ka ìwé ìfọwọ́sí tí àwọn dókítà fi ránṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí a sì ń fàmì sí ibi tí kò bá yé wa. Ó wà níbẹ̀ kedere pé wọn ò ṣèlérí ìwòsàn, àti pé aláìsàn lè fi ìdánwò náà sílẹ̀ nígbàkígbà láìsọ ìdí, wọn ò sì ní torí ẹ̀ dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ìwọ̀n oògùn náà sókè, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ò ti mọ ibi tí wọ́n dúró. Ní ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láyé àtijọ́, tí àwọn kan ṣì ń lò, ẹni mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ gba ìwọ̀n tó kéré gan-an. Àwọn dókítà á ṣọ́ wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí oògùn ò bá ṣe èyíkéyìí nínú wọn ní jàǹbá tó le, ẹni mẹ́ta mìíràn á gba ìwọ̀n tó ga ju ìyẹn lọ. Bó bá ṣe ẹnìkan ní jàǹbá, ẹni mẹ́ta sí i á gba ìwọ̀n yẹn kan náà kí ọ̀rọ̀ lè yé wọn dáadáa. Bó bá ti ṣe ẹni méjì, wọn ò ní gòkè mọ́, ìsàlẹ̀ ni wọ́n á padà sí. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò iye tí ẹni tó kàn máa gbà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn náà ni wọ́n ṣì ń gùn.

Ẹ rí i báyìí, ẹni tó bá wọlé níbẹ̀rẹ̀ lè gba oògùn tó kéré débi pé kò ní ṣe jẹjẹrẹ ní nǹkan kan. Ẹni tó bá wọlé lókè ló máa gba èyí tó lágbára, òun náà ló sì súnmọ́ jàǹbá jù. Nítorí náà, ẹ bi dókítà pé: ipò kelòó la wà? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ṣáájú wa? Bọ̀ọ̀dá mi béèrè, dókítà sì dá wọn lóhùn láìfi nǹkan pa mọ́. Bí ẹni tí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ má tíì bu ọwọ́ lù ú.

Àǹfààní wo ló wà níbẹ̀? Ní 2005, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé àbọ̀ ìdánwò ìpele kìíní 460 jáde, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ láàárín 1991 sí 2002. Àwọn tó kópa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12,000. Bí ènìyàn 10 nínú 100 ni jẹjẹrẹ wọn sún kì tàbí pòórá. Níbi tó ti jẹ́ oògùn kẹ́mò tuntun kan ṣoṣo, kò tó 5 nínú 100. Àwọn tí oògùn fúnra rẹ̀ pa kò tó ẹnìkan nínú 100. Mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni, torí ẹni tó bá sọ ọ̀kan tó fi ìyókù sílẹ̀ ti tan aláìsàn jẹ.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò sí ìrètí. Imatinib, oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, wọ ìpele kìíní ní 1998. Nínú ènìyàn 54 tí wọ́n fún ní 300 miligíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ ẹni 53 padà bọ̀ sípò. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí Amẹ́ríkà fi fọwọ́ sí i, àwọn aláìsàn láti gbogbo Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn Ifásitì ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2003. Irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ àgbo wá kù, mo sì mọ̀ pé inú ń bí àwọn kan tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àǹtí wa ra àgbo ní Ọjà Ojúwòyè ní Mushin, ìfẹ́ ló sì mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ló ń tú ọ̀pọ̀ oògùn palẹ̀ nínú ara. Bí ẹ̀dọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe segesège, ta ló máa mọ̀ bóyá àgbo ni tàbí oògùn tuntun? Wọ́n lè dá oògùn aláìsàn dúró. Wọ́n tún lè kọ jàǹbá yẹn sí ọrùn oògùn náà, kí ó sì yí ìwọ̀n tí ẹni mẹ́ta tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa gbà padà. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń mu fún dókítà, àgbo, kóró, tíì olówó ńlá tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp, gbogbo rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi dá àgbo náà dúró, àǹtí sì sunkún, a bẹ̀ wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fẹ́ ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ ṣì dára díẹ̀, kí aláìsàn sì lè máa rìn, kó lè máa tọ́jú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ní kí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá lórí kẹ́mò ìkẹyìn. Ẹni tó bá dúró títí tí kò fi lè dìde mọ́, ilẹ̀kùn sábà máa ń ti tì mọ́ ọn.

Ẹ tún ro ti àkókò. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ bọ̀ọ̀dá mi léraléra láti àárọ̀ di alẹ́, wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára ibi tí àìsàn wà, sikáànù, ìyẹn yíya àwòrán inú ara, sì ń bọ̀ lóòrèkóòrè. Ìgbéyàwó ọmọ wọn ní Lagos ń bọ̀ nígbà yẹn. Wọ́n sọ fún dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, dókítà sì to ọjọ́ oògùn yí ìgbéyàwó náà ká. Bí ẹ ò bá sọ ohun tó jẹ yín lógún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Oògùn náà mú kí ara wọn sú, kí wọ́n sì máa ya ìgbẹ́ gbuuru, àwọn dókítà dín in kù. Jẹjẹrẹ dúró lójú kan fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún dàgbà. Wọ́n padà wálé, oògùn ìrora tó dára sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹni tó ń ṣe ìdánwò oògùn ò nílò ìtọ́jú ìrora. Ó yẹ kí méjèèjì máa lọ pọ̀ ni.

Fún àwa tí a wà nílé: ọkùnrin kan ti pe aládùúgbò wa pé "ìdánwò oògùn tuntun" wà, kí wọ́n kọ́kọ́ san owó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra oògùn tí wọ́n ṣì ń dán wò, ẹ dúró. Ìdánwò oògùn ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ NAFDAC, kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aláìsàn nínú ìwádìí, tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NHREC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, sì ti fọwọ́ sí i. Ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà méjèèjì hàn yín. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìdánwò náà, kí ẹ wá a níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ìdánwò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ClinicalTrials.gov tàbí PACTR, tó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà. Ọkùnrin yẹn ò pe aládùúgbò wa mọ́ nígbà tí wọ́n béèrè lẹ́tà.

Ẹ bi wọ́n pé ta ló máa sanwó bí oògùn bá ṣe aláìsàn ní jàǹbá, kí ó wà nínú ìwé. Ẹ gba nọ́ńbà tí ẹ lè pè lóru, kí gbogbo ará ilé ní in lórí fóònù wọn. Ẹ ra tamọ́mítà. Bí ara aláìsàn bá gbóná láàjìn, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ pè kí ẹ tó fún un ní Panadol, torí Panadol lè bo ibà mọ́lẹ̀ nígbà tí kòkòrò ń jà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀.