Ẹsẹ̀ Yá Ọwọ́ Ní Iṣan

"Ọwọ́ yìí ti jinná o. Kí ló dé tí o ṣì ń já nǹkan sílẹ̀?"

Súpáfáísọ̀ mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ Ajé, lójú gbogbo àwọn tí a jọ wà ní ṣífìtì àárọ̀. Abọ́ ọbẹ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ mi ní ilé ìdáná ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Manchester. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe wọ̀ mí lára nìyẹn. Ó wo ọrùn ọwọ́ mi, ó rí i pé ojú ọgbẹ́ ti dì, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mi ò fèsì. Mo nu ilẹ̀, mo parí iṣẹ́. Inú bọ́ọ̀sì ni omijé ti já bọ́ lójú mi.

Ohun tí mi ò rí sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ife gíláàsì ló fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, níbi tí mo ti ń fọ abọ́ nílé. Ó ya ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi. Níbi tí mo kọ́kọ́ sáré lọ, wọ́n rán awọ ara, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo sọ fún wọn pé àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín mi ti kú tipiri. Wọ́n ní ara wíwú ni, pé yóò lọ. Kò lọ. Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹran ìdí àtàǹpàkò mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ń jẹ èbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi bá kígbe, ó na ọwọ́ sí ìka mi. Ìka méjì ti lé ròrò, omi ti wà nínú rẹ̀. Mo ti bu òkèlè márùn-ún, èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò sì mọ̀ pé èbà náà gbóná.

Ìgbà yẹn ni mo fi igbe ta, tí wọ́n fi gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọwọ́. Ó fi òwú kan ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n fi àtàǹpàkò kan ìka ọmọńdinrín, mi ò lè ṣe é. Ó ní iṣan ló gé.

Mo pe màmá mi. "Iṣan wo nínú iṣan, Àdùkẹ́?" Ìbéèrè gidi ni, torí àwa a máa pe ti ẹ̀jẹ̀ ní iṣan, a máa pe ti ẹran ní iṣan, a tún ń pe èyí tó ń gbé ìmọ̀lára kiri ní iṣan. Mo ní èyí tó ń gbé ìmọ̀lára kiri ni, kí wọ́n fojú inú wo wáyà NẸ́PÀ: òpó dúró, ilé dúró, wáyà ló já, ilé ṣókùnkùn. Wọ́n ní, "Ṣé wọn ò lè so ó ni?"

Wọn ì bá so ó ká ní wọ́n rí i ní ọ̀sẹ̀ tó gé gan-an. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́ta, orí méjèèjì ti sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ó ti di kókó. Nígbà tí wọ́n gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, àlàfo sẹ̀ntímítà 4 ló kù. Èèyàn ò sì gbọdọ̀ fi tipátipá fà wọ́n pàdé. Dókítà mi ní Hanno Millesi, oníṣẹ́ abẹ ará Vienna, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 1972 nípa irú iṣan ọwọ́ yìí gan-an: iṣan tí a bá fà le kì í jinná dáadáa, iṣan mìíràn ni kí a fi dí àlàfo láìfa ohunkóhun. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú un, iṣan tó gba ẹ̀yìn ojúgun sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀ lóde.

Màmá mi dákẹ́ títí. "Wọ́n á la ẹsẹ̀ kí wọ́n lè tún ọwọ́ ṣe?" Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ló yá ọwọ́ nìyẹn. Kí ọwọ́ má gbàgbé o."

Iṣan ẹsẹ̀ tín-ínrín ju ti ọwọ́ lọ, nítorí náà wọ́n gé e sí mẹ́rin, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Abẹ́ maikirosíkóòpù ni wọ́n ti rán an, òwú tí wọ́n lò kéré ju irun orí lọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òsì mi ti kú báyìí. Bí òkúta bá há sí bàtà mi níbẹ̀, mi ò ní mọ̀. Mo fara mọ́ ọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé iṣan tí wọ́n gbé wá kì í gbé ìmọ̀lára fúnra rẹ̀. Fọ́nrán inú rẹ̀ á kú, ihò rẹ̀ á ṣẹ́ kù bí ọ̀nà. Láti apá ọrùn ọwọ́ ni fọ́nrán tuntun ti máa ń hù gba inú rẹ̀ kọjá, nǹkan bí mìlímítà 1 lóòjọ́. Ẹ wo ìlà tó kéré jù lára rúlà ọmọ yín. Mo fi téépù aránṣọ wọn ọwọ́ mi láti ojú àpá dé ṣóńṣó ìka àárín: sẹ̀ntímítà 18. Ọjọ́ 180 nìyẹn, láìka ọ̀sẹ̀ tí kò kọ́kọ́ hù rárá àti ibi tó ti ń rọ́jú kọjá ojú ìránṣọ. Bí kò bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹran láàárín ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, ẹran náà lè má gbà á mọ́.

Ibi tí wọ́n ti sọ ti àsìkò yìí ni mo ti rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ibà ló ṣe é nígbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí ní ilé oògùn àdúgbò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un. Wọ́n gbààwẹ̀. Wọ́n ní ayé ló ṣe é, wọ́n dá ìyàwó kejì lẹ́bi, ilé náà pín sí méjì. Iṣan ńlá kan ló gba inú ìdí lọ sí ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ tí kò bá bọ́ sí apá òkè lóde ìdí lè ṣe é léṣe. Òmíràn a máa padà fúnra rẹ̀, òmíràn ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n àsìkò wà fún un. Kò sí ẹnì kankan tó sọ fún wa. Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, ó ṣì ń wọ́ ẹsẹ̀ yẹn nílẹ̀. Ìyàwó kejì kú láìsí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò lè rò ó kí inú mi má bàjẹ́.

Oṣù keje rèé tí wọ́n ṣe tèmi. Wọ́n kọ́ mi pé kí n máa fi ìka tẹ ojú ọ̀nà iṣan náà díẹ̀díẹ̀: ibi tó bá ti ń jó mi wìnnìwìnnì, ibẹ̀ ni fọ́nrán dé. Tinel, dókítà ará Faransé, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1915, lára àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Tèmi ti dé oríkèé kejì ìka àárín. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, màá mú ìwé dókítà lọ bá ọ̀gá tó ju súpáfáísọ̀ lọ.

Ẹni tó ń kọ́ ọwọ́ mi gbé abọ́ ìrẹsì fún mi pé kí n máa di ojú, kí n máa wá nǹkan tí wọ́n bá fi pamọ́ sínú rẹ̀. Mo ní gaàrí Ìjẹ̀bú ni mo fẹ́. Mo mọ bó ṣe máa ń ta ìka. Bó bá padà ta mí, màá mọ̀ pé mo ti dé ilé. Ọmọ mi ló ń bá mi fi nǹkan pamọ́. Lálẹ́ àná mo di ojú, mo ti ọwọ́ bọ abọ́, mo wá inú rẹ̀ kiri títí. Ìka àárín mi kan nǹkan kan. Ọmọ mi ní, "Kí nìyẹn, Màmá?" Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe gaàrí.