Ohun tí Èéfín Èédú Kọ́ Mi Nípa Ẹ̀rọ Tó Ti Gbó

Iṣẹ́ jórinjórin tí mo kọ́ ní Iléṣà ló gbé mi dé eMalahleni ní Gúúsù Áfíríkà, ìlú tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ibi tí èédú wà. Ọdún 6 ni mo fi ń jó páìpù níbẹ̀, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń fi èédú inú ilẹ̀ pèsè iná mànàmáná, tó sì ti dàgbà jù mí lọ.

Wọ́n máa ń lọ èédú náà kúnná bí èlùbọ́ kí wọ́n tó fẹ́ ẹ sínú iná tó ń se omi inú àìmọye páìpù, títí omi yóò fi di ooru tó ń yí ẹ̀rọ. Èédú tiwa ní òkúta nínú, eérú rẹ̀ sì ń họ ara páìpù títí yóò fi lu. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ti lu, àfi kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí ó tutù, kí n tó lè wọlé lọ jó o. Irin pẹlẹbẹ kan wà tí iná alágbára ń gbà kọjá, tó yẹ kó máa fa eérú yìí mọ́ra kí ó má baà bá èéfín jáde, ṣùgbọ́n òun náà ń bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ sì ń fẹ́ kí a pa ẹ̀rọ. Ta ni yóò pa ẹ̀rọ nígbà tí iná kò kárí ìlú? Wọ́n ń sún un síwájú, àwa ń fa eérú símú, aṣọ tí ìyàwó mi sá kì í gbẹ kí ó tó dọ̀tí. Nígbà tó bá yá, ẹ̀rọ á kú fúnra rẹ̀, nínú òtútù tí gbogbo ènìyàn ń wá iná.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé ẹjọ́ gíga ní Pretoria sọ pé afẹ́fẹ́ agbègbè náà tẹ ẹ̀tọ́ àwọn olùgbé ibẹ̀ lójú. Síbẹ̀, ní 2023 tí mo padà wálé, ìjọba gbà kí ẹ̀rọ 3 ní Kusile, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń fi èédú pèsè iná nítòsí ibẹ̀, máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ láìyọ imí ọjọ́ kúrò nínú èéfín wọn, nítorí òkùnkùn ti pọ̀ jù.

Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ òṣómàáló, ẹni tó tajà láwìn, tó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí kò ní dìde àfi tó bá gba owó rẹ̀. Àtúnṣe tí ẹ sún síwájú, àwìn ni, èéfín sì ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń rán wá sin owó náà.

Nítorí náà, bí jẹnẹrétọ̀ yín bá ń tú èéfín dúdú, ẹ má rò pé gbígbé e jìnnà sí fèrèsé ti tó. (Ẹ gbé e jìnnà o, nítorí gáàsì inú rẹ̀ tó ń pa ènìyàn lójú oorun kò ní òórùn.) Ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ wò, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti dí. Bí èéfín bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó.

Mo ní kí ìyá kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ládùúgbò mi pa ẹ̀rọ rẹ̀ fún àtúnṣe, ó ní, “Ọmọ mi, tí mo bá pa á, àwọn oníbàárà mi á lọ.” Mo ní, “Ìyá, ẹ yan ọjọ́ tí ọjà kò yá, kí ẹ̀rọ tó bá yín yan ọjọ́ ọdún.” Ọjọ́rú ló yàn, èédú ló sì fi kọ ọ́ sára ògiri.