Àwòrán kékeré kan ní British Museum

Bí ẹ bá dàgbà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi bíi tèmi, ẹ ó ti há Ẹ́kísódù orí 20 sórí kí ẹ tó mọ̀wé kà dáadáa: "Ìwọ kò gbọdọ̀ yá ère fún ara rẹ." Ní àdúgbò wa, àwọn Àgùdà ni a máa ń fi ẹsẹ yẹn bá wí.

Ẹ wá wo bí ojú mi ṣe là sílẹ̀ nígbà tí màmá ará Kípírù tí mo gba yàrá lọ́wọ́ wọn ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù pè mí wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tiwọn, ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ńtì. Tọmọdé tàgbà ló gbé àwòrán mímọ́ dání, àlùfáà ṣáájú, wọ́n ń kọrin yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tò, tí wọ́n ń fẹnu ko àwòrán Jésù àti ti ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi dúró sẹ́yìn. Màmá ò fipá mú mi, wọ́n kàn ní kí n lọ wo èyí tó wà ní British Museum, pé ọjọ́ àjọ̀dún yẹn gan-an ni wọ́n yà síbẹ̀.

Mo lọ. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kánjú lọ wo òkú àwọn ará Íjíbítì lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì rí i, torí gíga rẹ̀ kò pé 40 sẹ̀ǹtímítà. Pákó ni. Wọ́n lẹ aṣọ ọ̀gbọ̀ mọ́ ọn, wọ́n fi nǹkan funfun rẹ́ ẹ, kí wọ́n tó fi wúrà àti àwọ̀ tí wọ́n pò mọ́ pupa ẹyin yà á. Constantinople, olú ìlú ìjọba Byzantium (Istanbul ni à ń pè é lónìí), ni wọ́n ti yà á ní nǹkan bí ọdún 1400. Ọdún 1988 ló dé ọwọ́ British Museum.

Màríà tó gbé Jésù dání ló wà láàárín lókè, ṣùgbọ́n kì í ṣe Màríà fúnra rẹ̀: àwòrán rẹ̀ ni wọ́n yà sínú àwòrán, àwọn méjì oníyẹ̀ẹ́ tó dé fìlà pupa sì dì í mú. Àwọn ará ìlú náà gbà pé Lúùkù Ajíhìnrere ló fọwọ́ ara rẹ̀ ya ojúlówó rẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé e jáde ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lápá òsì ni Ayaba Theodora wà pẹ̀lú Michael ọmọ rẹ̀, tó ti dé adé bó ṣe kéré tó. Pátíríákì Methodios, olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, wà lápá ọ̀tún.

Ọba Theophilos, ọkọ Theodora àti bàbá ọmọ náà, kórìíra àwòrán mímọ́. Láti nǹkan bí ọdún 730 ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ya ìjọba wọn sí méjì. Ọba kan á ní kí wọ́n kó àwòrán dànù, òmíràn á dá wọn padà. Ìtàn kan sọ pé aláwàdà ààfin ká Theodora mọ́ ibi tó ti ń fẹnu ko àwòrán, ló bá lọ ròyìn fún ọba. Theodora ní dígí lòun àti àwọn ìránṣẹ́bìnrin òun ń wò, ojú àwọn fúnra àwọn ni aláwàdà rí níbẹ̀. (Ọba gbà á gbọ́!) Nígbà tí ọba kú ní 842, Theodora ló ń ṣàkóso nípò ọmọ rẹ̀. Ọdún kejì ló dá àwòrán padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ńtì nìyẹn.

Ìdí tí wọ́n fi jà ló gbà mí lọ́kàn jù. Jòhánù ará Damásíkù, onígbàgbọ́ kan tó kọ̀wé gbèjà àwòrán, tó ń gbé lábẹ́ ìjọba àwọn Mùsùlùmí níbi tí ọwọ́ ọba Constantinople kò ti lè tó o, gbà pé ẹnikẹ́ni ò lè ya Ọlọ́run tí a kò rí. Ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run bá ti di ènìyàn, tí ìyá rẹ̀ wẹ̀ ẹ́, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn dá ojú rẹ̀ mọ̀, ojú yẹn ṣeé yà. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ní Jésù kò ṣeé yà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kò di ẹran ara ní tòótọ́. Ó tún rán wọn létí àwọn kérúbù oníwúrà tí Ọlọ́run kan náà ní kí Mósè ṣe sórí àpótí ẹ̀rí. Mo fi èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ díákónì, wọn ò tíì fèsì.

Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó jókòó ní Nicaea lọ́dún 787 ló là á pé ti Ọlọ́run nìkan ni ìsìn. Ìbọ̀wọ̀ ni ti àwòrán, ó sì ń kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n yà. Yorùbá tó ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ti mọ ìyàtọ̀ yẹn láti kékeré.

Nígbà tí wọ́n ń ya pákó yìí, àwọn Ọ́tómànù, ìyẹn àwọn Tọ́kì tó jẹ́ Mùsùlùmí, ti yí Constantinople ká. Kí ló mú ayàwòrán lọ hú ìṣẹ́gun tó ti lé ní 500 ọdún jáde? Èrò tèmi ni pé ó fẹ́ kí àwọn ará ìlú rẹ̀ rántí pé ọba tiwọn gan-an ti gbógun ti ìgbàgbọ́ yìí rí, kò sì borí. Ìlú náà ṣubú ní 1453, ojúlówó àwòrán Màríà tí wọ́n máa ń gbé jáde sì ṣègbé níbẹ̀. Pákó kékeré ti Lọ́ńdọ̀nù yìí wà lára ohun tí a fi mọ bí wọ́n ṣe máa ń gbé e.