Ibi Tó Yẹ Kówó Lọ Nínú Pálọ̀ Ilé Àgbádárìgì

Ní Àgbádárìgì, kì í ṣe ohun tó ń dán ló yẹ ká náwó lé. Afẹ́fẹ́ òkun gbé iyọ̀ dání, ọ̀rinrin ọ̀sà kì í sì í lọ sílé. Ohun tí ara ń sinmi lé àti ohun tí iyọ̀ lè jẹ ni kẹ́ ẹ ra ojúlówó rẹ̀. Èyí tí ojú nìkan ń wò, ẹ ra èyí tí kò wọ́n.

Àga ló kọ́kọ́ gba owó. Ìrókò, apá tàbí ọ̀gànwó ni kí kápíńtà fi ṣe férémù rẹ̀. Arère fúyẹ́, kò sì wọ́n, àmọ́ kòkòrò kì í pẹ́ mú un. Ẹ má gba oríkèé tó jẹ́ ìṣó nìkan: ìṣó á dípẹtà, ihò rẹ̀ á gbòòrò, àga á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kí kápíńtà gbẹ́ ihò, kó ki ahọ́n igi bọ̀ ọ́ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, kó sì fi igi onígun mẹ́ta ti igun kọ̀ọ̀kan nínú. Kẹ́ ẹ tó san owó tó kù, ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè ní íǹṣì 6. Bí ẹsẹ̀ iwájú kejì bá ṣì wà nílẹ̀, férémù náà ń lọ́. Ẹ dá a padà. Fóòmù ìjókòó kò gbọ́dọ̀ dín sí íǹṣì 5. Nínú méjì tó tóbi bákan náà, ẹ mú èyí tó wúwo jù.

Aṣọ tó máa bo àga yìí lè jẹ́ ti ọjà Àgbálátà, kò lábùkù, bó bá ti ṣeé bọ́ fọ̀. Síìpù ike ni kí télọ̀ lò, torí ti irin á dì pa.

Kọ́bọ́ọ̀dù pátákó àtẹ̀pọ̀ dára tó, ẹ̀bá tí wọ́n ti gé e nìkan ni omi ń gbà wọlé tó fi ń wú. Ẹ kun ẹ̀bá náà ní fánísì lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá lábẹ́, kẹ́ ẹ sì fi ẹsẹ̀ íǹṣì 3 sí i kí omi tí wọ́n fi ń nulẹ̀ má baà kàn án. Wàyí o, ẹ yọ ọwọ́ rẹ̀, ẹ fi ti idẹ sí i. Ìwọ̀n láti àárín ihò kan sí àárín ìkejì ni kẹ́ ẹ mú lọ sọ́jà. Mìlímítà 96 tàbí 128 ló wọ́pọ̀. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì dání: bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n kùn ni.

Aṣọ ojú fèrèsé kò nílò owó ńlá, kó ṣáà pọ̀ tó. Fèrèsé tó fẹ̀ ní fíìtì 4 ń fẹ́ ọ̀pá fíìtì 5, kí aṣọ sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn íǹṣì 120. Bí aṣọ bá fẹ̀ ní íǹṣì 60, abala méjì nìyẹn. Bí ọ̀pá bá ga ní fíìtì 8, yáàdì 3 ni abala kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìṣẹ́tí. Yáàdì 6 lápapọ̀. Aṣọ tó wọ́n àmọ́ tó fún, tó sì dá sókè nílẹ̀, ìyẹn ló ń ba pálọ̀ jẹ́.

Ẹní lè rọ́pò rọ́ọ̀gì. Ẹ rán méjì pọ̀ kí ẹsẹ̀ iwájú àwọn àga lè dúró lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa sá a sóòrùn lásìkò òjò kó má baà bu. Kí àwọ̀ àga tún hàn lára tìmùtìmù àti ohun kan tó wà lára ògiri.

Gílóòbù yín ńkọ́? Ẹ má po funfun mọ́ pupa rẹ́súrẹ́sú. 3000K, ìyẹn nọ́ńbà àwọ̀ iná tí wọ́n ń kọ sára páálí gílóòbù, ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́.